Orúnkún Àìṣát

Orúnkún ọmọ mi ò lárùn kankan. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ orúnkún yìí ti kárí Rye Lane, òpópónà ọjà wa ní Peckham nílùú òyìnbó. Bí mo bá dúró níbi tí mo ti ń ra ẹja, wọ́n á ní, Mummy Àìṣát, ẹsẹ̀ ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn? Iṣẹ́ abẹ wo? Ta ló sọ fún wọn? Ẹsẹ̀ ọmọ mi le koko. Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè bá mi sọ fún wọn.

Àsúmáù lorúkọ mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Brockley ni mo ti ń ṣiṣẹ́, shift òwúrọ̀. Làtíìfù, ọkọ mi, ń wa bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí wọ́n ń wó North Peckham Estate lọ́wọ́ la dé àdúgbò yìí, eruku bíríkì ló kí wa káàbọ̀. Àìṣát ni àkọ́bí wa. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ó máa ń wé ìbòrí dúdú sábẹ́ fìlà eré rẹ̀, ó sì lè ju bọ́ọ̀lù kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ mú un.

Ọsàn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ìrun Yídì kan, gbogbo wa wà ní Peckham Rye, a tẹ́ ẹní, à ń jẹun. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì sá lọ jìnnà réré sẹ́bàá àwọn igi. Àìṣát mú ọsàn kan nínú kúlà mi, ó jù ú. Ọsàn yẹn ò lọ sókè rárá. Tààrà ló lọ, ó bá ọmọ yẹn lẹ́yìn, ó fọ́. Mo ti ń pariwo lé e lórí nígbà tí Uncle Qoyyum gbé àwo oúnjẹ wọn sílẹ̀ tí wọ́n dìde. Wọ́n mú ọsàn mìíràn, wọ́n fún un, wọ́n ní kó tún jù ú.

Abdulqoyyum gan-an lorúkọ Uncle yìí. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni wọ́n, wọ́n sì dàgbà jù ú lọ dáadáa. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbá baseball ní Ìlọrin. Uncle Qoyyum gbá a fún Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà èwe wọn, fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ wọn, àlejò tí kò bá yin fọ́tò yẹn kò ní rí tíì mu. Àwọn ni wọ́n mú Àìṣát wọ ẹgbẹ́ tó ń gbá a ní Peckham Rye, tọkùnrin tobìnrin ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì sọ ara wọn di ẹni tí á máa mú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó lè mú un. Vincent, ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan tó gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àtàǹpàkò rẹ̀ wú débi pé kò lè di bọ́tìnnì.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: ẹnì kan á máa ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á di igi mú láti gbá a, ẹni tí á mú un á lóṣòó sẹ́yìn onígi pẹ̀lú ìbòjú irin àti ìbọ̀wọ́ ńlá. Ẹni tó lóṣòó yìí ló máa ń fi ìka sọ irú bọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n jù. Ìka kan, kó fi gbogbo agbára jù ú. Ìka méjì, kó ju èyí tó jọ ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tí kò yára, tí onígi á ti fi igi gbá afẹ́fẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bí èyí tí wọ́n pè kò bá tẹ́ ẹni tó ń jù lọ́rùn, á gbọn orí, wọ́n á pe òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sí ìjà níbẹ̀.

Uncle Qoyyum kọ́ Àìṣát ní gbogbo rẹ̀, àfi gbígbọn orí. Àgbà wo ló máa jókòó kọ́ ọmọ bí á ṣe máa gbọn orí sí òun? Èmi náà ò kọ́ ọ. Nínú ilé mi, bí àgbà bá rán ẹ níṣẹ́, o tẹ orúnkún, o ní “ẹ̀n mà”, o lọ. Olùkọ́ rẹ̀ kan pè mí rí pé ọmọ náà kì í wo ojú àwọn bí àwọn bá ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kó wo ojú yín kó lè rí kí ni? Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí bí mo ṣe tọ́ ọmọ mi.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Gilbert wá wò ó. Scout ni wọ́n ń pe irú wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù káàkiri ayé. Ẹgbẹ́ baseball àwọn obìnrin kan lọ́hùn-ún ló rán an, àyè kan ṣoṣo ló sì kù nínú ẹgbẹ́ náà. Láti ọjọ́ tí Àìṣát ti gbọ́ ni kò ti sùn dáadáa mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ló ti ń to ọjà sórí pẹpẹ látìgbà tó ti jáde ilé ìwé, ohun tó sì fẹ́ láyé ò ju pé kí wọ́n jẹ́ kó máa ju bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́. Bí Gilbert bá ní rárá, kò sí Gilbert mìíràn tó ń bọ̀ ní Peckham.

Gilbert jókòó sẹ́yìn àwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó. Nígbà tí Àìṣát ju ti àkọ́kọ́, ó wo ẹ̀rọ náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a bí ẹni tó ń gbá rédíò tí kò fọhùn dáadáa. Àìṣát tún jù, ó tún wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo jókòó lórí kúlà mi, òun ni mò ń wò, n kò wo eré. Inú mi dùn dẹ́yìn. Mo ní nínú ara mi pé jẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu, Peckham lo wà.

Nígbà tí eré dé ìdajì, ó dìde wá bá mi. Ó bi mí bóyá èmi ni ìyá ẹni tó ń jù, mo ní èmi ni. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní irú apá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kí n má bínú, kí n sọ òtítọ́ orúnkún ọmọ náà fún òun. Nígbà wo ló fi ṣèṣe? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un? Mo ní orúnkún wo. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù bá rìn lọ bá a sọ̀rọ̀ lórí òkìtì tó ti ń jù, òun ń rí i tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀, tí á tẹ̀ wálẹ̀ kó tó tún nàró. Ó ní ẹgbẹ́ òun ò lè gbé ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ kọjá òkun.

Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn bàbá mọ́ṣáláṣí wa tó wá wòran, tí wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ mi, ń na ọrùn. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n gbọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbà dé Rye Lane. Mo sọ fún Gilbert pé Uncle Qoyyum ló ń kí, pé àgbà ni wọ́n. Ó ní láàárín eré? Mo ní ta ló sọ fún un pé ìkíni ń lọ ìsinmi.

Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun kejì tó ń da òun láàmú ti yé òun. Ó ní apá Àìṣát dára, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ibi tó bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù dé ló ń dé, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Bethany, obìnrin gìrìwò kan nínú ẹgbẹ́ Brockley tí wọ́n ń bá gbá, ti gbá bọ́ọ̀lù kíkan yẹn, ti ìka kan, lọ jìnnà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó ti mọ̀ pé òun náà ni wọ́n á máa pè. Òun Gilbert sì ti rí i, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, pé bọ́ọ̀lù tí kò yára yẹn wà lọ́wọ́ Àìṣát, ó sì dára gan-an. Kí ló dé tí kì í jù ú àyàfi tí wọ́n bá rán an?

“Kò tíì sọ rárá lẹ́ẹ̀kan lónìí,” ni Gilbert wí. “Ẹni tí kò lè sọ rárá, ẹlòmíì ló ń fi apá rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù.”

Ó ní òun ń lọ Manchester lọ́la láti wo ọmọbìnrin kan tí kò lágbára tó Àìṣát, ṣùgbọ́n tó ní orí tirẹ̀. Bí nǹkan bá parí báyìí, ìyẹn lòun máa mú.

Orí mi gbóná. Ọmọ tí kò ní orí tirẹ̀, èmi ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún? Mo kọ́kọ́ bínú sí Gilbert, mo sì bínú sí àwọn òbí ẹni tó wà ní Manchester, tí n kò mọ̀ rí. Nígbà tí mo bínú tán, mo rántí pé Bethany ti gbá a lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́. Mo gbéra, mo lọ bá Uncle Qoyyum níbi tí wọ́n ti ń mu omi.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ gbọ́ o, èmi tí mò ń bọ̀ wá jà. Mo ṣàlàyé ohun tí Gilbert wí, mo sì bẹ̀ wọ́n pé bí ọmọ bá rí i pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n pè kò dáa, kí wọ́n jẹ́ kó gbọn orí, nítorí kì í ṣe àrífín nínú eré náà. Ojú wọn yí padà. Wọ́n bi mí pé ta ló jí ní gbogbo àárọ̀ òtútù láti wá lóṣòó sínú ìrì fún ọmọ yìí? Orúnkún ta ló ń dùn ún lálẹ́? Àwọn ni, irọ́ ò sí níbẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ tinú wọn tán.

“Àsúmáù,” ni wọ́n wí, “ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi kọ́ ò ní gbọn orí sí mi níwájú àwọn èèyàn yìí. Lọ́jọ́ tó bá ṣe é, màá bọ́ ìbòjú yìí, màá sì gba ilé mi lọ.”

Bí wọ́n bá lọ, eré parí fún Àìṣát, torí ta ló máa mú bọ́ọ̀lù rẹ̀? Vincent ti ń fi ọwọ́ pa mọ́ sínú àpò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Uncle Qoyyum, mo dìde, mo sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ọmọ mi.

Mo bi í bóyá òun náà gbà pé bọ́ọ̀lù kíkan ló yẹ kó máa jù sí Bethany. Ó wo ilẹ̀. Ó ní rárá, pé it’s been long tí òun ti mọ̀ pé Bethany ń dúró de ìyẹn. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ? Ó ní, “Mummy, Uncle ni, innit. Mi ò lè do that.” Ó wá gbójú sókè wò mí. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé padà. Mo ní, “Èmi ni mo kọ́ ẹ lóòótọ́, mi ò sì ní kọ́ ẹ ní òmíràn. Mo ní kí o kí àgbà. Ìgbà wo ni mo ní kí o purọ́ fún wọn? Bọ́ọ̀lù tí o mọ̀ pé kò dáa tí o ṣì ń jù, irọ́ lò ń pa fún Uncle yẹn. Ìwọ lo ni apá.” Wọ́n pè é, ó lọ.

Eré wá dé ìparí. Àyò kan péré ni Peckham fi ń ṣíwájú, ẹnì kan ló sì kù tí Àìṣát gbọ́dọ̀ lé kúrò kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Ta ló ń bọ̀ pẹ̀lú igi? Bethany. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi bàtà tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Brockley ní èèyàn méjì lórí ìlà tó ń dúró láti sáré wálé. Bí Bethany bá gbá a, Brockley yege, Gilbert á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Manchester.

Mo kúrò lórí kúlà, mo lọ dúró sẹ́bàá àwọ̀n.

Uncle Qoyyum na ìka kan. Àìṣát mú bọ́ọ̀lù sí àyà, ó dúró. Ó gbọn orí.

Ìbòjú ò jẹ́ kí n rí ojú Uncle Qoyyum. Wọ́n tún na ìka kan náà, wọ́n sì fi í lu itan wọn kó lè rí i dáadáa. Ó tún gbọn orí. Lórí ẹní, ẹnì kan nínú àwọn bàbá yẹn ní háà, ọmọ yìí mà rí àgbà fín. Mo yíjú sí i, mo ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo eré tí ẹ wá wò.

Uncle Qoyyum dìde. Wọ́n bọ́ ìbòjú. Mo rò pé ilé ni wọ́n kọrí sí. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n rìn lọ, wọn ò sáré, ìbòjú ń mì lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Àìṣát kúnlẹ̀. Kì í ṣe èyí tó máa ń tẹ̀ díẹ̀ yẹn o. Orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀ nínú eruku, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, níwájú Brockley àti Peckham àti òyìnbó Amẹ́ríkà.

“Ẹ má bínú, Uncle,” ló wí. Yorùbá rẹ̀ ò dùn tó ti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ. “Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní ju ìyẹn. Ó ń dúró dè é.”

Uncle Qoyyum dúró lé e lórí. Wọ́n wo Bethany. Wọ́n wo àwọn ọ̀rẹ́ wọn lórí ẹní. Adájọ́ eré ti ń bọ̀ wá lé wọn.

“Dìde,” ni wọ́n wí. Kò dìde. Wọ́n fi ìbòjú nu òógùn ojú wọn, èyí tí kò ṣeé ṣe torí irin ni. “Mo ní dìde. Mo ti gbọ́.”

Wọ́n padà, wọ́n lóṣòó, wọ́n sì na ìka méjì. Àìṣát fi orí jẹ́ ẹ̀n. Apá yẹn fò bó ṣe máa ń fò, Bethany fi gbogbo ara fì igi, ó ti yí tán pátápátá kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ó jókòó sílẹ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún pe ìka méjì, ó tún gbá afẹ́fẹ́. Fún ẹ̀kẹta, Uncle Qoyyum ò na ìka rárá, wọ́n kàn ṣí ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ pé ohun tó bá wù ú ni kó jù. Ó ju kíkan, Bethany ò sì tíì gbé igi kúrò léjìká nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, Bethany jáde, Peckham yege. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ajá ẹnì kan fi já okùn.

Gilbert wá bá wa níbi tí a ti ń palẹ̀ mọ́. Ó ní òun ti pe Manchester, òun ò wá mọ́, Àìṣát lòun mú. Ọmọ mi bo ojú. Kí n tó sọ Alihamdulilahi tán, ó tún ní kékeré kan ló kù: ṣé Àìṣát lè fi kíkúnlẹ̀ yẹn sílẹ̀ bó bá dé ọ̀hún? Àwọn tó ni ẹgbẹ́ á máa rò pé ó ṣèṣe, àwọn ọ̀tá á sì máa rò pé ojo ni.

Mo la ẹnu mi láti dáhùn, ẹ mọ̀ mí. Àìṣát ò jẹ́ kí n dáhùn. Ó wo Gilbert lójú, ó gbọn orí. Gilbert wò mí, mo wo òkè. Uncle Qoyyum tó ń tú okùn ààbò ẹsẹ̀ wọn ò gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gilbert gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní ó dáa, kó gbé orúnkún rẹ̀ dání.

Oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá tún bi mí léèrè orúnkún nídìí ẹja, ohun tó máa gbọ́ nìyẹn.

Nígbà tí a délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kó bá mi fọ kúlà. Ọmọ mi wò mí, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ lórí káàpẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Ẹ má bínú, Mummy. Apá ń dùn mí. Mi ò ní fọ̀ ọ́.” Làtíìfù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ń wò mí, ó ń dúró de ohun tí màá ṣe. Mo gbé kúlà mi lọ sí kíṣìnì, mo sì fọ̀ ọ́ fúnra mi.